Ẹrẹ̀ Tí Hedley Kó Dànù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkọ mi, Hedley Aldous, jẹ́, àga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú ilé ìdáná wa ní oko Ashgate, gbogbo àga yòókù ló dojú kọ iná. Ti Hedley nìkan ló dojú kọ fèrèsé, fèrèsé náà sì dojú kọ oko Percy Borrett. Ibẹ̀ ló ti ń mu tíì àárọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ròyìn Percy fún mi bí ẹni tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ ìyẹn fún. Percy ti jí. Percy kò tíì jí. Percy tún ti fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí, àwọn màlúù rẹ̀ ti wà lójú títì. Èmi a máa ro ọbẹ̀ mi lọ, n kì í dá a lóhùn.

Ìlara ni, n kò ní fún un lórúkọ míì. Hedley kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í jalè, kì í mutí yó, kò sì gbọ́wọ́ sókè sí mi rí. Ṣùgbọ́n ìlara Percy wà lára rẹ̀ bí làkúrègbé ṣe ń wà lára ẹlòmíràn, ìgbà òjò ni o, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, ó ń dùn ún.

Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé Percy kì í ṣe wàhálà kankan. Hedley á ti wà lórí tírákítọ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, Percy á sùn títí oòrùn á fi wọ yàrá bá a, síbẹ̀ ọkà bálì Percy ló máa ń ga ju tiwa lọ. Nígbà ìpàtẹ irè oko ní Wethersham, Hedley á gbé àlùbọ́sà tó ti ń kẹ́ láti ìgbà òtútù lọ, á ti nù ún, á ti fi okùn dè é lọ́rùn. Ipò kejì. Percy á fa tirẹ̀ tu láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, á gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù sára ṣòkòtò, á gba ipò kìíní. Ife fàdákà tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá gbégbá orókè ti pẹ́ lójú fèrèsé Percy débi pé Muriel ìyàwó rẹ̀ ti gbin òdòdó sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó yẹ kí n fẹnu ara mi sọ. Percy ló kọ́kọ́ dẹnu ìfẹ́ kọ mí. A jọ jó nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ ijó jó dáadáa. Mo mú Hedley nítorí pé bí Hedley bá ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀ náà nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí Percy fẹ́ láyé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀, èmi ni, Hedley ló sì ní in. Ẹ ó rò pé ìyẹn á tó o. Kò tilẹ̀ kà á mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ mìíràn wà tí èmi gan-an máa ń jowú Percy, nítorí ọkọ mi ń wo Percy ju bó ṣe ń wò mí lọ.

Ilé wa àti ilé Percy ló ní yàrà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ní in ní àdúgbò wa: omi yí ilé po ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, afárá kan ni ẹ ó gbà wọlé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ a máa lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ fèrèsé yín. Bí ìkórè bá ti parí, tí omi ti fà, àwọn ọkùnrin a wọ inú yàrà lọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n á kó ẹrẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fọ́n ọn sóko bí ajílẹ̀. Yàrà tó mọ́ ni a fi ń mọ àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Hedley kó tirẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀ kó tirẹ̀. Hedley tiẹ̀ burú jù, ó máa ń gbá ìsàlẹ̀ yàrà bí ẹni ń gbá pálọ̀.

Apá kan péré ni wọn kì í fọwọ́ kàn, ìyẹn apá tó wà lábẹ́ ilé ìdáná. Kí bàbá Hedley tó kú, ó kìlọ̀ fún un pé ẹrẹ̀ yẹn ni ògiri ilé ìdáná fẹ̀yìn tì, pé kó fi í sílẹ̀. Nítorí náà, koríko hù síbẹ̀, ó dúdú, ó sì ń rùn díẹ̀ nígbà ooru. Láti ìgbà tí ilé ti wà níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń da ìdọ̀tí gba ojú fèrèsé yẹn. Èmi náà da tèmi: eérú, egungun adìẹ, àwo tó bá fọ́.

Ní ti Percy, kò kó ẹrẹ̀ yàrà rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ náà kò kó o. Táyà wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà wà níbẹ̀, àgùntàn kan tiẹ̀ ṣubú sí i tí wọn ò rí mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn, Hedley á ti fèrèsé, á ní, "Queenie, Percy ti ránṣẹ́ sí wa."

Ibẹ̀ la wà nígbà tí onílẹ̀ wa fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ gba ilẹ̀. Ayálégbé ni wá, àwa àti Percy. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ fi àwọn oko náà ṣe oko àlìkámà ńlá kan, pé ilé kan tó òun. Wọ́n á wó ìkejì, wọ́n á dí yàrà rẹ̀, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ á kó lọ sí ilé ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ wá wo yàrà méjèèjì, èyí tó bá wúlò jù fún ìtàn ni kí wọ́n fi sílẹ̀.

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí Hedley sí. Ẹ̀rù ba èmi. Hedley ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Yàrà Percy," ló wí. "Kí ẹnì kan wá láti ìlú Ipswich wá wo yàrà Percy pẹ̀lú tèmi. Ọlọ́run ti dáhùn."

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gé koríko etí omi. Ó kun afárá. Ó kó igun mẹ́ta tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ìró tírákítọ̀ lábẹ́ fèrèsé mi, mo yọjú, òun ni mo rí tó ń wa ẹrẹ̀ dúdú yẹn jáde.

"Hedley, bàbá ẹ kìlọ̀ fún ẹ nípa ibí yìí o."

"Bàbá mi ò mọ̀ pé adájọ́ ń bọ̀."

"Ta ni adájọ́? Dókítà tó ń walẹ̀ ló ń bọ̀."

"Queenie, ẹni tó bá wá wo nǹkan méjì kó lè mú ọ̀kan, adájọ́ ni. Ṣé o fẹ́ kó dé ibí kó rí ìdọ̀tí ẹ?"

"Ìdọ̀tí mi? Ìyá ẹ ò da tiẹ̀ síbẹ̀ ni?"

Ó tún wa tírákítọ̀ síwájú. Ó kó o dé orí amọ̀ pupa rúsúrúsú tó wà nísàlẹ̀, ó fọ́n gbogbo rẹ̀ sí oko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ó sì tú u mọ́ ilẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ògiri ilé ìdáná sán láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dé òkè. Hedley fi ẹfun kùn ún. Omi yàrà wá mọ́ débi pé mo lè rí ojú ara mi nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí.

Dókítà Lisle, awalẹ̀pìtàn náà, dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí òjò. Obìnrin tín-ín-rín ni, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ki pẹ́ńsù bọ inú irun. Ọ̀dọ̀ Percy ló kọ́kọ́ lọ. Hedley jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé awò tó fi ń wo ẹyẹ sójú.

"Ó ti dé etí yàrà. Á gbé imú kúrò báyìí. Kò gbé e kúrò. Ó ti ki irin gbọọrọ kan bọ inú ẹrẹ̀. Ó ń fà á jáde." Ó tún awò náà ṣe. "Ó fọwọ́ kàn án. Ó ń gbóòórùn ẹ̀. Queenie, obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín."

"Sí Percy?"

"Sí ẹrẹ̀."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, Hedley ti wọ kóòtù ọjọ́ ìsinmi. Mo ti ṣe kéèkì. Dókítà kí wa dáadáa, ó yí ilé po, ó ki irin rẹ̀ bọ omi. Amọ̀ pupa rúsúrúsú ló bá a jáde. Ó lọ sí igun kejì, amọ̀. Ìkẹta, amọ̀. Ó rìn dé abẹ́ ilé ìdáná, mo rí i tí ojú rẹ̀ ń retí nǹkan. Amọ̀ náà ni.

"Ọ̀gbẹ́ni Aldous, ta ló kó ẹrẹ̀ inú yàrà yìí?"

"Èmi ni," ni Hedley wí, ó yọ àyà síta. "Bàbá mi kó o, bàbá bàbá mi náà kó o. Àmọ́ apá ibí yìí, èmi nìkan ni. Kò tíì pẹ́ tí mo parí ẹ̀."

"Níbo lẹ kó o lọ?"

"Oko bíìtì. Mo ti tú u mọ́lẹ̀. Ajílẹ̀ gidi ni."

Dókítà jókòó sórí koríko tí Hedley gé.

"Ẹrẹ̀ yẹn gan-an la wá wò," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ò lè dé ìsàlẹ̀ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ò ní jẹrà níbẹ̀, awọ ò ní jẹrà, kóró èso tí wọ́n jẹ tí wọ́n tu síbẹ̀ á ṣì wà. Ti àná á wà lábẹ́, ti òní á wà lórí, a ó kàn máa kà á lọ ni. Ìtàn àwọn ọba àtàwọn ìjòyè, wọ́n ní akọ̀wé tó kọ ọ́ fún wọn. Àwọn àgbẹ̀ bíi tiyín, inú ẹrẹ̀ nìkan ni ìtàn tiwọn wà."

Hedley wo omi rẹ̀ tó mọ́. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ gbẹ́ ẹ fún? Ogun?"

"Àwọn kan ń sá fún olè. Àwọn míì ń wá omi àti ẹja. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ìlara wà ńbẹ̀ dáadáa. Ìjòyè ńlá gbẹ́ yàrà yí ilé ẹ̀ ká. Àgbẹ̀ tó rí jájẹ rí i, òun náà gbẹ́. Aládùúgbò ẹ̀ wo òdìkejì oko, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, òun náà gbẹ́. Ilé yín àti ti Ọ̀gbẹ́ni Borrett súnmọ́ra jù. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbẹ́ tiẹ̀, tí ẹnì kejì wò ó kọ́."

Mo rí i tí ọrùn Hedley le.

"Èwo ló kọ́kọ́ gbẹ́?"

"Igi afárá àtijọ́ ṣì wà nínú ẹrẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Borrett. A ó mọ ọjọ́ orí tiẹ̀." Obìnrin náà dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Tiyín, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ máà bínú."

Kò jẹ nínú kéèkì mi. Èmi àti Hedley la jẹ ẹ́.

Nígbà tí ìpinnu jáde pé ti Percy ló máa dúró, Percy fúnra rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó bọ́ fìlà sọ́wọ́. Ojú ń tì í ní tòótọ́.

"Hedley, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Ọ̀lẹ ni mo kàn jẹ́."

"Mo ti mọ̀yẹn ọjọ́ pẹ́," ni Hedley wí.

"Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti sọ fún ẹ pé kó o má kó o."

"Bí o bá sọ fún mi pé kí n má kó o, ǹ bá ti kó o yára jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Percy rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Kì í ṣe eré.

Gbogbo ìgbà ooru náà ni wọ́n fi gbẹ́ yàrà Percy. Àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n dé orí, wọ́n ń kọrin. Wọ́n rí bàtà aláwọ. Wọ́n rí abọ́ onígi, òòyà tí òkú iná orí ṣì há sí, ìṣáà amọ̀ tí wọ́n ya ojú èèyàn sí lọ́rùn. Wọ́n rí igi afárá. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò Percy jáde, ó gbé ìṣáà yẹn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ará ìlú wá wò ó, ọkọ̀ tò dé ẹnu ọ̀nà wa, Muriel sì ń ta tíì.

Hedley ní òun kò lọ. Àmọ́ ẹ̀yìn ọgbà ewéko ni mo ti bá a, ó lóṣòó pẹ̀lú awò ẹyẹ rẹ̀, ó ń wo bàtà kan tó ti wà nínú omi láti ayé àwọn baba ńlá.

"Ẹsẹ̀ ọ̀lẹ ló wọ bàtà yẹn," ló wí.

"Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti lu. Ọ̀lẹ kọ́ nìyẹn."

"Àwa náà ní bàtà, Queenie. Wọ́n wà ní oko bíìtì."

Kò mọ̀ ju pé kó máa rìn nínú oko bíìtì lọ, orí ní títẹ̀ba. Ohun tó jẹ́ igi tàbí awọ, oòrùn ti sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ó rí àpáàdì kan, ìdí ìṣáà tí amọ̀kòkò tẹ àtàǹpàkò sí lára yípo. Ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ dì í, ó gbé e lọ bá Dókítà Lisle. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìfẹ́. Ó ní ó rẹwà, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n pé bó ṣe wà lójú oko yìí, kò sí bí òun ṣe lè mọ ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, pé ó lè jẹ́ inú ajílẹ̀ tí wọ́n rà lọ́jà ló ti wá. Hedley gbà á padà. Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ojú àtàǹpàkò tó wà níbẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Inú bí mi sí gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, sí Dókítà, sí Percy, sí Hedley gan-an. Ilé mi ni wọ́n fẹ́ wó, ìṣáà ni wọ́n ń bá kiri.

Wọ́n ti wó ilé tán nígbà tí katapílà dé láti wá dí yàrà wa. A ti kó lọ sí ilé ìjọba. Hedley ní òun fẹ́ lọ wò ó, mo bá a lọ. Percy náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà tirẹ̀, ó ń wò. Nígbà tí awakọ̀ katapílà jókòó láti mu tíì ọ̀sán, Hedley ti ọmọlanke rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn igi. N kò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá tó jẹ́ ti ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan sórí amọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́bìrì tó fi ń kó ẹrẹ̀. Bàtà oko rẹ̀. Ìkòkò tíì wa tí etí rẹ̀ ti kán. Páìpù rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá bàbá rẹ̀. Gbogbo àmì ẹ̀yẹ ipò kejì àlùbọ́sà, tí wọ́n so mọ́ra bí ìdì kọ́kọ́rọ́. Àpáàdì yẹn ló gbé lé e kẹ́yìn.

Percy kò lè fara dà á. "Hedley, kí lò ń kó síbẹ̀?"

"Tó o bá fẹ́ mọ̀, dúró fún ẹgbẹ̀ta ọdún."

"Ṣé torí àwọn awalẹ̀pìtàn ni? Wọ́n ti rí tèmi. Tèmi ti wà ní Ipswich, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí."

"Gbogbo ẹ̀," ni Hedley wí. Ó nà ró, ó nu ọwọ́. "Kò sí nǹkan kan nínú tìẹ mọ́ báyìí. Yàrà ẹ ti mọ́, Percy. Ó mọ́ ju tèmi lọ."

Percy fọwọ́ di igi ọgbà mú. Ó wẹ̀yìn wo oko rẹ̀, ó sì ń wò ó síbẹ̀ nígbà tí awakọ̀ padà sórí katapílà tó da ilẹ̀ bo àwọn nǹkan Hedley.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, Muriel wá kí mi nílé tuntun. Ó jókòó, kò tíì bọ́ kóòtù tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Queenie, ọkọ mi ń ya wèrè. Ó ń ju nǹkan sínú yàrà. Kẹ́tùlù mi ló kọ́kọ́ lọ. Aago orí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ lé e. Mo bi í léèrè, ó ní òun ò ní í gbà kí Hedley nìkan wà níbẹ̀. Lánàá ó ju ife fàdákà sí i, tòdòdó-tòdòdó."

A rẹ́rìn-ín títí Muriel fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Hedley kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lórí àga rẹ̀, níbi fèrèsé iwájú, nítorí bí ẹ bá tẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí èéfín tó ń jáde lórí ilé Percy.

Nígbà tí Muriel lọ, mo ń fọ ife.

"Fàdákà," ni Hedley wí.

Mo mú ife mìíràn.

"Kò sí fàdákà nínú tiwa. Wọ́n á gbẹ́ tiẹ̀, wọ́n á rí fàdákà. Wọ́n á gbẹ́ tèmi, wọ́n á rí eyín." Ó ń wo ìta síbẹ̀. "Ó yẹ ká ti fi òrùka ẹ sí i."

Mo wo òrùka náà lọ́wọ́ mi nínú omi ọṣẹ. Ó dùn mí dé eegun. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo sì yíjú sí i.

"Hedley Aldous, Percy Borrett ì bá fi ife yẹn, oko yẹn, àti yàrà yẹn sílẹ̀, kó lè jẹ́ pé òun ló fi òrùka yìí sí mi lọ́wọ́."

Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń ha ilẹ̀. Ó yí i kúrò lójú fèrèsé, ó yí i pátápátá, ó sì wò mí bí kò ṣe wò mí rí láti ọjọ́ ijó ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ni? Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo mú ife tó kù, mo ń fọ̀ ọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, èmi ni àga rẹ̀ dojú kọ. Ó ṣì ń bi mí, n kò sì tíì dá a lóhùn.